Àwọn tí Ọkọ̀ Kan Pa Pọ̀: Fíìmù Ìjà Àtiyè Lójú Òkun, Bí A Ti Rí I Láti Etíkun Àgbádárìgì



Ẹni tí ó bá dúró ní etíkun Àgbádárìgì, tí ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà tí ó sì kọjú sí òkun, yóò rí i pé kò sí èbúté kan tí Ọlọ́run dá síbẹ̀. Ìgbì ni ó ń yí bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí ó ń fọ́ sí orí iyanrìn tọ̀sán-tòru. Láyé òwò ẹrú, ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ ilẹ̀. Òkèèrè ni wọ́n ń dákọ̀ró sí, tí àwọn atukọ̀ kéékèèké sì ń kó ènìyàn àti ẹrù la ìgbì kọjá. Wọn a kọ́kọ́ kó àwọn ẹrú kọjá ọ̀sà sí Gbẹrẹfu, erékùṣù iyanrìn tí ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí òkun ti ń dúró dè wọ́n. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹni tí òkun gbé lọ àti ẹni tí òkun dá sí kì í ṣe ìtàn àjèjì fún ará etíkun yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò ni bí àwọn onífíìmù ti ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, àti bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ fún wa.

Oríṣi fíìmù kan wà tí ó ti tàn ká gbogbo ayé. Ọkọ̀ a rì. Àwọn díẹ̀ a yè é. Wọn a bá ara wọn nínú ọkọ̀ kékeré, tàbí ní erékùṣù tí kò ní olùgbé. Omi mímu a máa dín kù, oúnjẹ a máa dín kù, ìrètí náà a sì máa bá wọn dín kù. Lẹ́yìn èyí ni ìjà a bẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù ẹja ńlá apanijẹ nìkan ni ó ń mú wa jókòó ti irú eré bẹ́ẹ̀; ẹ̀rù ẹni tí ó jókòó ti ni nínú ọkọ̀ ni. Bí a bá wá béèrè pé kí ni ó fa ìjà náà gan-an, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìwà ẹ̀dá ni: bí a bá ti mú òfin àti ọlọ́pàá kúrò, ẹranko ni ènìyàn. Èmi kò gba ìdáhùn yìí. Ó rọrùn jù, ó sì ń bo àwọn kan láṣìírí.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á wo bí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àyè a kọ́kọ́ há. Lórí ilẹ̀, àwọn méjì tí ó bá ń jà lè kẹ̀yìn sí ara wọn kí oníkálùkù gba ilé rẹ̀ lọ; nínú ọkọ̀, kò sí ibi tí à ń lọ. Bákan náà, gbogbo ohun tí wọ́n ní ni ó ṣe é kà: ìgò omi mẹ́ta, búrẹ́dì méjì, ọ̀bẹ kan. Òǹwòran pẹ̀lú a máa bá wọn kà á. Omi ni ó sì le jù nínú gbogbo rẹ̀. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tí ó tó gíráàmù 35 nínú, kíndìnrín ènìyàn kò sì lè yọ iyọ̀ yìí dànù àfi bí ó bá lo omi tí ó pọ̀ ju èyí tí a mu lọ. Ẹni tí ó mu omi òkun láti pa òùngbẹ, òùngbẹ mìíràn ni ó ń rà. Kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ yóò fi máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan ní agbedeméjì irú fíìmù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àsọdùn olùdarí eré.

Lifeboat, tí Alfred Hitchcock ṣe ní 1944, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ oríṣi eré yìí múlẹ̀. Inú ọkọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti wáyé. Ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì ni ó ri ọkọ̀ àwọn èrò náà nígbà ogun. Òun náà sì rì, ará Jámánì kan láti inú rẹ̀ sì bá wọn wọ ọkọ̀ kékeré náà. Nígbà tí ó yá, àṣírí tú pé ó ń fi omi pamọ́ sí ara, ó ń dá nìkan mu ún. Wọ́n pa á. Èyí tí ó kàn wá jù níbẹ̀ ni Joe, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tí ó wà nínú ọkọ̀ náà, tí Canada Lee ṣe. Nígbà tí àwọn èrò fẹ́ dìbò lórí ọ̀ràn kan, ẹnu ya Joe pé òun náà wà lára àwọn tí yóò dìbò. John Steinbeck, ẹni tí ó kọ ìtàn tí wọ́n gbé fíìmù náà kà, bínú sí bí wọ́n ti sọ Joe di aláwàdà lásán. Ẹ jẹ́ kí á ṣe àkíyèsí pé ìgbì òkun kò wẹ ohun tí ó wà láàrin funfun àti dúdú ní Amẹ́ríkà kúrò lára wọn. Wọ́n gbé e wọ inú ọkọ̀ ni, bí ènìyàn ti ń gbé ẹrù.

Ìwé Lord of the Flies tí William Golding kọ ní 1954, èyí tí Peter Brook sọ di fíìmù ní 1963, ni ó gbin èrò pé ẹranko ni ènìyàn sí ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ. Àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n bá ara wọn ní erékùṣù; kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pa ara wọn. Ìtàn àròsọ ni. Ní 1965, àwọn ọmọkùnrin 6 láti Tonga gbé ọkọ̀ apẹja kan láìgbàṣẹ, ìjì sì gbá wọn lọ sí erékùṣù 'Ata tí kò sí ẹni tí ń gbé ibẹ̀. Wọ́n lò ju ọdún kan lọ kí Peter Warner, ará Australia, tó rí wọn ní 1966. Wọ́n pín iṣẹ́ ọgbà, iṣẹ́ ìdáná àti iṣẹ́ ìṣọ́ láàrin ara wọn. Bí àwọn kan bá jà, wọn a ya ara wọn sọ́tọ̀ títí inú yóò fi rọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn kán, àwọn yòókù tò ó, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Èyí kò fi hàn pé ọmọlúwàbí ni gbogbo ènìyàn. Ohun tí ó fi hàn ni pé a kò gbọdọ̀ fi ìtàn àròsọ kan ṣe òfin ẹ̀dá.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Baba ńlá gbogbo ìtàn erékùṣù ni Robinson Crusoe tí Daniel Defoe gbé jáde ní 1719. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó kà á nílé ẹ̀kọ́ ni ó ti gbàgbé ibi tí ọ̀gbẹ́ni náà ń lọ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ rì. Láti Bùràsíìlì ni ó ti gbéra. Etíkun Guinea ni ó ń bọ̀, láti wá ra ẹrú. Bí ìjì kò bá jà ni, ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín ni ìbá gúnlẹ̀ sí, a kì bá sì tí mọ̀ ọ́n sí akọni.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ìjà àwọn tí òkun dá sí ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀ràn ọkọ̀ Méduse ni kí á lọ wò. Ní 1816, ìjọba Faransé ń rán gómìnà àti àwọn sójà lọ gba Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàlì padà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá atukọ̀, Chaumareys, ti lò tó ogún ọdún láìtu ọkọ̀ gidi kan. Ojú rere ààfin ni ó fi dé ipò náà. Ní July 2, ó gbé ọkọ̀ gun òkìtì iyanrìn Arguin, ní etíkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Mauritania lónìí. Nǹkan bí 400 ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ó gbé dání kò sì gba gbogbo wọn. Wọ́n so igi àti pákó pọ̀, wọ́n fi ṣe pèpéle kan tí ó gùn tó mítà 20, wọ́n sì kó bí ènìyàn 147 sí i; sójà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Gómìnà àti ọ̀gá atukọ̀ wọ ọkọ̀ tiwọn. Ìlérí ni pé àwọn ọkọ̀ yóò fi okùn wọ́ pèpéle náà dé ilẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ fi tú okùn náà, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ohun tí ó kù fún àwọn tí a fi sílẹ̀ ni ọtí wáìnì púpọ̀, omi díẹ̀, àti bisikíìtì tí omi òkun ti rin. Pèpéle náà rì dé ìtan ènìyàn nígbà tí gbogbo wọn wà lórí rẹ̀. Àárín rẹ̀ nìkan ni ó ṣe é dúró sí láìfòyà, àwọn ọ̀gá tí ó ní ohun ìjà ni ó sì gba àárín. Ní alẹ́ kejì, àwọn sójà tí ó wà létí, tí ìgbì ń gbá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mu ọtí yó, wọ́n sì dìde ọ̀tẹ̀. Wọ́n ṣá ọ̀pọ̀ nínú wọn pa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òkú. Nígbà tí ó ku bí 27, àwọn tí ara wọ́n ṣì le gbìmọ̀ pé kí á ju àwọn aláìsàn sínú òkun kí wáìnì tí ó kù lè tó. Nígbà tí ọkọ̀ Argus kàn wọ́n ní July 17, ènìyàn 15 ni ó kù.

Méjì nínú àwọn 15 yìí, Savigny tí í ṣe oníṣègùn àti Corréard, kọ ìwé lórí ọ̀ràn náà ní 1817. Théodore Géricault sì ya àwòrán ńlá rẹ̀ tí wọ́n fi hàn ní 1819, tí ó wà ní Louvre títí di òní. Aláwọ̀ dúdú ni ẹni tí ó wà lókè pátápátá nínú àwòrán náà, tí ó ń ju aṣọ sí ọkọ̀ tí ó hàn fírí lókèèrè. Iradj Azimi fi ìtàn náà ṣe fíìmù tí ó jáde ní Faransé ní 1998. Òǹwòran a máa fẹ́ wo jíjẹ òkú, torí ohun ìpayà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀, ọ̀ràn náà ti parí kí ẹnikẹ́ni tó fa idà yọ. A ti fi ipò fún ẹni tí kò tọ́ sí. A ti pín ènìyàn sí ẹni ọkọ̀ àti ẹni pèpéle. A sì ti tú okùn.

Ti Tromelin tún burú ju èyí lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Òkun Íńdíà ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 1761, ọkọ̀ L'Utile ti Faransé, tí ó kó ẹrú láti Madagascar láìgbàṣẹ, rì ní ẹ̀bá erékùṣù iyanrìn kékeré kan. Funfun àti ẹrú jọ yè é. Láti ara ìfọ́kù ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kan òmíràn. Àwọn Faransé wọ̀ ọ́ lọ, wọ́n sì ṣèlérí pé wọn yóò padà wá kó àwọn ẹrú. Ọdún 15 kọjá. Obìnrin 7 àti ọmọ ọwọ́ kan tí kò ju oṣù 8 lọ ni ọkọ̀ bá níbẹ̀ ní 1776. Àwọn awalẹ̀pìtàn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìpẹ́ yìí rí ilé òkúta tí wọ́n kọ́, àti àwo bàbà tí wọ́n ti lẹ̀ léraléra.

Fíìmù tí ó sún mọ́ wa jù lọ ni La Pirogue tí Moussa Touré, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàlì, ṣe ní 2012, tí wọ́n sì fi hàn ní Cannes lọ́dún náà. Ìwé ìtàn Abasse Ndione ni ó gbé e kà. Baye Laye jẹ́ apẹja tí ó mọ ọkọ̀ tù. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tu ọkọ̀ igi kan, tí yóò gbé bí ọgbọ̀n ènìyàn, lọ sí àwọn erékùṣù Canary ti Sípéènì. Ó lọ́ tìkọ̀, torí ó mọ òkun. Ṣùgbọ́n bí kò bá lọ, àwọn tí kò mọ òkun, tí àbúrò rẹ̀ wà nínú wọn, yóò lọ láìsí òun. Àwọn èrò náà kì í ṣe ọmọ baba kan. Àwọn ará etíkun wà níbẹ̀; àwọn Fúlàní láti orílẹ̀-èdè Guinea wà níbẹ̀, tí àwọn mìíràn nínú wọn kò rí òkun rí; èdè wọn kò yé ara wọn. Obìnrin kan sì wà tí ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀. Nígbà tí àṣírí rẹ̀ tú, ariyànjiyàn sọ: omi tani yóò mu, ibo ni yóò sùn sí, ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ?

Ibi tí mo ka fíìmù yìí sí iṣẹ́ àgbà ni ìgbà tí wọ́n pàdé ọkọ̀ mìíràn tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ti kú, tí omi ń gbé káàkiri. Àwọn èrò inú rẹ̀ ń ké, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn kan ní kí á yà. Àwọn mìíràn ní a kò gbọ́dọ̀ yà. Baye Laye kò yà. Kì í ṣe ìkà ènìyàn: ó ti ka omi tí ó wà nílẹ̀, ó ti ka epo, ó ti ka orí, ó sì mọ̀ pé bí òun bá gba ẹlòmíràn, gbogbo wọn ni yóò rì. Lẹ́yìn náà ni ìjì kọlu ọkọ̀ tirẹ̀, ẹ̀ńjìnnì tirẹ̀ náà kú, àwọn náà sì di ọkọ̀ tí à ń wò lókèèrè. Touré kò sọ fún wa pé ó jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kò jẹ̀bi. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi ẹni tí ó gba owó, tí kò sì wọ ọkọ̀, hàn wá kí ọkọ̀ tó ṣí. Ó ju ènìyàn 31,000 lọ tí ó gúnlẹ̀ sí Canary láti ojú òkun ní 2006. Ní 2024, wọ́n lé ní 46,000. Àwọn tí ó gúnlẹ̀ nìkan ni èyí o.

Láti ibí ni mo ti fẹ́ padà sí omi tiwa. Ní 2023, ọkùnrin mẹ́rin, ọmọ Nàìjíríà, fara pamọ́ sórí ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ ẹrù kan tí ó gbéra ní Èkó. Ìtọ́kọ̀ ni irin ńlá tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ lábẹ́, tí ó ń darí rẹ̀. Àyè kékeré kan wà lókè rẹ̀, omi sì ń ru gùdù lábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Wọ́n rò pé Yúróòpù ni ọkọ̀ náà ń lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ní Vitória ní Bùràsíìlì, ni àwọn ọlọ́pàá kó wọn kúrò níbẹ̀. Oúnjẹ wọn ti tán ní ọjọ́ kẹwàá. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún àwọn oníròyìn pé apẹja kan ni ó fi ọkọ̀ gbé òun dé ìdí ọkọ̀ ńlá náà, àti pé ìgbà tí òun dé ibẹ̀ ni òun bá àwọn mẹ́ta tí òun kò mọ̀ rí. Ẹ̀rù àwọn mẹ́ta yìí bà á gidigidi. Ó rò pé wọ́n lè tì í sínú òkun nígbàkígbà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kò sí ìjà tí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn mẹ́rin náà yè é. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù pé ẹnìkejì mi yóò tì mí ti wà lọ́kàn ọkùnrin náà kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, kí ebi tó pa á. Ta ni ó kọ́ ọ? Ìlú tí ó ti kúrò ni, níbi tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí ti lè jẹ́ olè tàbí gbọ́mọgbọ́mọ. Ó sì ní ìdí mìíràn láti bẹ̀rù. Ní 1992, ọkọ̀ MC Ruby gbéra ní Takoradi pẹ̀lú ènìyàn 9 tí ó sá wọ inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn atukọ̀ rí wọn, wọ́n pa 8 nínú wọn, wọ́n sì jù wọ́n sókun, torí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè a máa bu owó ìtanràn lé ọkọ̀ tí ó bá kó irú èrò bẹ́ẹ̀ dé. Kingsley Ofosu, ọmọ Gánà, nìkan ni ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́, tí ó sì bọ́ sílẹ̀ ní Le Havre. Ilé ẹjọ́ Faransé dá àwọn apànìyàn náà lẹ́bi ní 1995. Fíìmù Deadly Voyage ti 1996 ni ó sọ ìtàn náà. Ìwà ẹ̀dá kọ́ ni ó pa àwọn mẹ́jọ yẹn. Owó ìtanràn wà nídìí rẹ̀, ẹni tí ó ṣe ìṣirò rẹ̀ sì wà.

Irú ìbẹ̀rù àjèjì yìí ti pẹ́ lójú omi wa. Ní April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ Pọtogí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ní Èkó. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, wà nínú wọn. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837, ó ṣàlàyé pé nígbà tí wọ́n gbé àwọn ọmọdé náà wọ inú ọkọ̀ ogun, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so kọ́, wọ́n rò pé ẹran ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá, wọ́n pè é ní orí ènìyàn. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn tí wọ́n wò ó dáadáa ni ọkàn wọn tó balẹ̀. Ẹni tí ó gbà wọ́n là ni wọ́n ń sá fún. Bí onífíìmù bá ń wá ìran kan tí ó kún fún ìpayà tí kò sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú, òun nìyí.

Ọ̀nà kejì tún wà, òun ni àwọn fíìmù kì í sábà fi hàn. Àwọn tí ọkọ̀ ẹrú kan náà kó lọ sí ìlú òkèèrè di ìbátan ara wọn níbẹ̀. Ní Bùràsíìlì, malungo ni wọ́n ń pe ara wọn. Ní Suriname, sippi. Ní Cuba, carabela. Ní ibòmíràn, wọ́n ka ọmọ ọkọ̀ kan náà sí ọmọ ìyá, àwọn ọmọ wọn kì í sì í fẹ́ ara wọn. Nínú ihò ọkọ̀ tí omi rẹ̀ kò tó, tí èdè kò ti papọ̀, tí ikú ń mú wọn lójoojúmọ́, ni wọ́n ti rí ìbátan yìí. Láti etíkun Àgbádárìgì ni àwọn kan nínú wọn ti lọ. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ híhá ń sọ ènìyàn di ẹranko, kí ó wá ṣàlàyé èyí fún wa.

Mo ti ń gbọ́ ọ láti ẹnu àwọn ọ̀dọ́ pé ó yẹ kí á ní irú fíìmù yìí ní èdè Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun èlò rẹ̀ kò sì jìnnà. Ní November 1827, Richard Lander, tí ọ̀gá rẹ̀ Clapperton ti kú sí Sókótó, padà dé Àgbádárìgì, ó sì ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ. Àwọn Pọtogí oníṣòwò ẹrú tí ó wà níbẹ̀ sọ fún ọba pé amí ni. Wọ́n fún un ní omi egbòogi kan mu láti fi dán an wò. Ó mu ún, ó sì yè é. Òyìnbó ni ó ń ṣe òyìnbó níbẹ̀, òfin ilẹ̀ wa ni wọ́n sì fẹ́ fi pa á. Ṣùgbọ́n bí a bá fi Lander ṣe akọni, a tún ti padà sí ìdí Crusoe nìyẹn. Ọba yẹn, àti ẹni tí ó po egbòogi náà, ni èmi ìbá fẹ́ gbọ́ ohùn wọn.

Ẹni tí yóò bá ṣe é ní láti mọ̀ pé Yorùbá nìkan kò tó. Nínú ọkọ̀ kan tí ó bá gbéra ní ibẹ̀, Ẹ̀gùn ni èdè àwọn tí ó mọ ọ̀sà; a ó gbọ́ Faransé lẹ́nu ẹni tí ó ti Àjàṣẹ́ wá, a ó sì gbọ́ èdè àwọn apẹja tí ó ti Gánà àti Tógò wá ta àwọ̀n sí etíkun náà. Kí wọ́n má ṣe yí gbogbo rẹ̀ sí èdè kan torí kí ó lè rọrùn fún òǹwòran. Àìgbọ́ra-ẹni-yé yẹn ni ó ń gbé eré náà ró. Kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn apẹja kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà jáde. Láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ìgbì ń le jù. Ìgbà ọyẹ́ ni ó máa ń rọ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá yá, kí atukọ̀ tí ó ni ín wà nínú rẹ̀, kí ó sì ní àṣẹ láti kọ̀ bí ó bá wo ojú omi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, bí gbogbo àwọn òṣèré tilẹ̀ ti múra tán.